Eyín Irin Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Ọjà Tuntun, Ìlọrin.
27 Oṣù Kejìlá, 1994.

Àbúrò mi, Ìsmáílà,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì gbé ọ mì? Ọyẹ́ ti dé bá àwa náà. Ètè gbogbo wa ti là, àwọn ọmọ mi kò sì fẹ́ wẹ̀ láàárọ̀ mọ́. Àlàó, àkọ́bí mi, ń kí ọ. Ìyá wa ń kí ọ. Baba wà ní oko lọ́nà Afọ̀n, àlàáfíà ni wọ́n wà.

A tún kí ọ kú ewu. Nígbà tí mo kà á nínú lẹ́tà rẹ pé ilẹ̀kùn irin níbi iṣẹ́ búrẹ́dì yín gbá ọ lẹ́nu, tí eyín iwájú méjì sì bọ́, mo jókòó lé aṣọ tí mo ń tà. Ìyá wa sunkún títí. Mo ní, "Ìyá, eyín ló lọ, orí ṣì wà níbẹ̀." Wọ́n ní, "Ọmọ mi tí kò lówó, tó jẹ́ pé ẹ̀rín nìkan ló ní, òun náà ni wọ́n gba eyín lẹ́nu rẹ̀." Wọ́n ti di pákò orín ata ní ìdì kan fún ọ. Mohammed tó ń padà bọ̀ sí Leeds ló máa gbé e wá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n Baba ní dandan ni. Yísà tí ẹ jọ kọ́ kéwú lọ́dọ̀ Baba ti London dé. Ó sọ fún àwọn èèyàn níwájú mọ́ṣáláṣí pé nínú ààwẹ̀ tó kọjá, òun rí ọ ní ibùdókọ̀ London lójú ọ̀sán gangan, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ kan, ẹyin wà lọ́wọ́ kejì. Baba kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ọjà Ipata ni wọ́n kó iṣu lọ, tí ẹnì kan fi ní, "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé òyìnbó ti gba ààwẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yín?" Gbogbo ìsọ̀ ló rẹ́rìn-ín.

Baba fi iṣu sílẹ̀ lọ́jà. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, mo gbé omi fún wọn, wọn ò mu ún. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ báyìí: "Ìsmáílà, ààwẹ̀ ń bọ̀. Bí o bá fi ẹyọ kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, má kí mi kú ọdún. Má sì kọ àwáwí sí mi. Ẹni tó ń wá àwáwí kì í wá a tì."

Mo ní, "Baba, ṣé ẹ ti bi í léèrè ná?"

Wọ́n ní, "Ìwé ni mo ní kí o kọ, mi ò ní kí o ṣe lọ́yà."

Mo ti kọ ọ́. Má bínú sí mi.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Màsúdát.


Leeds.
12 Oṣù Kìíní, 1995.

Àǹtí Màsúdát,

Mo kí yín, mo kí Ìyá, mo kí Àlàó àti àwọn àbúrò rẹ̀. Mo kí Baba náà, nítorí ọdún ni wọ́n ní kí n má kí wọn, wọn ò ní kí n má kí wọn lónìí.

Yísà kò purọ́. Mo jẹ búrẹ́dì. Mo jẹ ẹyin náà, ó sì dùn. Ohun tí kò sọ ni pé Leeds ni mo ti wá, mo ti wà lójú ọ̀nà láti ìdájí, arìnrìn-àjò sì ni mí lọ́jọ́ náà. Mo san ọjọ́ yẹn padà kí oṣù tó tẹ̀lé ààwẹ̀ tó tán. Ta ló kọ́ mi pé arìnrìn-àjò lè jẹun kó sì san án? Baba ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n má kọ àwáwí, nítorí náà ẹ má ka ibí yìí fún wọn.

Ọ̀rọ̀ eyín ni kí ẹ gbọ́. Iléeṣẹ́ wa ti gbà láti tún ẹnu mi ṣe. Kì í ṣe eyín tí wọ́n ń bọ̀ tí wọ́n ń yọ bíi ti Ìyá Àgbà. Dókítà máa la èrìgì mi, ó máa lu ihò sí egungun òkè, ó sì máa yí irin kéékèèké méjì wọ inú rẹ̀, bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń yí ìṣó olójú sínú igi. Irin tí kì í dípẹtà ni. Egungun á wá hù yí i ká fún oṣù bíi mélòó kan, kí wọ́n tó gbé eyín lé e. Bí egungun bá gbà á, eyín dé nìyẹn títí ayé. Bí kò bá gbà á, a ò tún mọ̀.

Ọjọ́ kejì oṣù Kejì ni wọ́n fún mi. Mo ka oṣù lórí ìka, mo rí i pé inú ààwẹ̀ ni. Mo ní kí wọ́n sún un síwájú. Obìnrin tó ń kọ orúkọ ní àyè kò sí mọ́ títí di oṣù Kẹfà, ìwé tí iléeṣẹ́ fi gbà sì máa kú ní oṣù Kẹta. Mo ní ó dáa.

Nọ́ọ̀sì pè mí jókòó, ó ṣàlàyé ìrora fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé ọ̀nà fún àlejò. Ó ní kí n jẹun kí n tó wá, kí n lo oògùn kan ṣáájú. Ó ní lẹ́yìn iṣẹ́ náà, kí n má dúró kí ìrora dé. Kí n lo oògùn nígbà tí ẹnu ṣì kú, kí n sì máa lò ó ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Ó ní ìrora tí a bá ṣáájú kì í pọ̀, èyí tó bá ṣáájú ẹni ni apá kì í ká mọ́.

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ààwẹ̀ kankan sílẹ̀. Màá lo oògùn ní sààrì, màá lò ó nígbà ìṣínu. Ẹ máa ní aláìsàn ni mí. Aláìsàn wo? Èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi rìn lọ gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà. Mo ti lo ẹ̀tọ́ kan tí Ọlọ́run fún mi, wọ́n fi bú Baba mi láàárín ọjà. Mi ò ní lo èkejì.

Àbúrò yín,
Ìsmáílà.


Ọjà Tuntun, Ìlọrin.
5 Oṣù Kejì, 1995.

Ìsmáílà, olórí kunkun,

A kú ààwẹ̀. Àná ni lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ọjọ́ tí o dá ti kọjá. Bí mo ṣe ń kà á pé wọ́n máa gbẹ́ egungun rẹ, wọ́n ti gbẹ́ ẹ tán. Mo kàn ń kà á bí ẹni ń wo ilé tó ti jó.

Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ bá Dókítà Ṣìkẹ́mi. Dókítà eyín ni wọ́n, wọ́n máa ń ra àǹkárá lọ́wọ́ mi. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, onígbàgbọ́ sì ni wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò tíì fi irú irin bẹ́ẹ̀ sí èèyàn lẹ́nu rí, ṣùgbọ́n egungun tí wọ́n lu, egungun tí wọ́n lu ni. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀.

Wọ́n ní, "Ìyá Àlàó, mi ò lè dá sí ẹ̀sìn yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ìrora dà bí ewúrẹ́. Ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń dá a padà. Tó bá ti wọ inú ọkà, kí lẹ fẹ́ lé?"

Mo ní, "Tó bá wá ti wọ inú ọkà ń kọ́?"

Wọ́n ní, "Ẹ lé e náà. Ṣùgbọ́n ọkà ti lọ."

Wọ́n ní kí o máa fi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè tí o bá fẹ́ sùn. Kí o má jẹ ohun gbígbóná, kí o má sì fi ibẹ̀ jẹ nǹkan líle. Kí o máa fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ rọra yọ ẹnu, kí o má fagbára tu ú dànù. Oògùn tí ń pa kòkòrò, kí o lò ó tán, kódà bí ara bá yá. Wọ́n ní kò sóhun tó burú nínú kí ẹnu wú, kí ó sì dùn ọ́ lọ́jọ́ méjì mẹ́ta. Sísọ̀kalẹ̀ ló yẹ kí ìrora máa sọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ó bá jẹ́ gígùn ni ó ń gùn sí i, tàbí tí o bá ń tọ́ ọyún wò lẹ́nu, tàbí tí ibà dé, kí o má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá fún ọ. Kí o sáré lọ.

Ẹ̀kọ tútù àti wàrà ni ì bá dára fún ọ. Bí wàrà bá lè dé Leeds láìkan, ọwọ́ mi ni ì bá ti dé.

Ìsmáílà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, lo oògùn lọ́sàn-án. Bí ẹnu bá jinná kí o san ààwẹ̀. Ó yẹ kí n lọ bá Baba, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wọn ń bà mí. Ìgbà tí mo sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní mo ń ṣe lọ́yà. Jẹ́ kí lẹ́tà rẹ tó kàn dé ná, kí n rí nǹkan tí mo lè kà sí wọn létí.

Màsúdát.


Leeds.
6 Oṣù Kejì, 1995.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Ọwọ́ kan ni mo fi ń kọ èyí, ọwọ́ kejì wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi.

Wọ́n ti ṣe é. Mo gba ààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Dókítà ní, "Ṣé o ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹun. Mi ò purọ́, sààrì ni mo jẹ. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ẹnu mi kú bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni wọ́n so mọ́ mi lójú. Mo ń gbọ́ bí irin ṣe ń lu egungun, ó ń dún nínú orí mi bí ẹ̀rọ tí ń lọ ọkà, ṣùgbọ́n kò dùn mí rárá. Mo ní nínú ara mi pé ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìrora.

Mo délé lọ́sàn-án. Mo gbé oògùn sórí tábìlì, mo jókòó tì í. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ètè ló kọ́kọ́ jí, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà ni ibi tí irin wà wá jí. Oòrùn kò tilẹ̀ sí níbí tí èèyàn lè máa wò pé ó ń wọ̀, ìkùukùu ló bo gbogbo rẹ̀, aago ni mo ń wò. Nígbà tí àsìkò tó, mo bu omi mu, mo gbé oògùn méjì mì. Mo dúró díẹ̀, mo tún gbé méjì mì sí i. Ìrora kò gbọ́. Ó ti jókòó. Inú mi ló wá ń ta mí, nítorí òfìfo ni mo gbé wọn sí. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé méjì ni.

Láti ọjọ́ yẹn, báyìí ni. Ní ìrọ̀lẹ́ ó máa ń rọ̀ díẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí agbára oògùn sààrì bá tán, ó tún dìde. Níbi iṣẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ti ju páànù búrẹ́dì sílẹ̀, inú egungun mi ló ń dún sí.

Nọ́ọ̀sì ní kí n má fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibẹ̀. Kò dárúkọ pákò, mo sì mọ̀ pé ẹ̀san rere lọ́dọ̀ Ọlọ́run wà nínú rínrin pákò. Mo rin pákò tí Ìyá fi ránṣẹ́ jẹ́jẹ́. Okùn kan já nínú èyí tí wọ́n fi rán èrìgì mi. Ẹ má ka ibí yìí sí Ìyá létí o.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ lọ ka lẹ́tà yìí fún Baba. Mi ò bẹ̀bẹ̀, mo kàn ń béèrè ni. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi ìrora, ṣé ó lè pe ara rẹ̀ ní aláìsàn? Ohun tí Baba bá fi ẹnu ara wọn sọ ni màá ṣe. Títí dìgbà náà, nǹkan kan kò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá lójú ọ̀sán.

Àbúrò yín,
Ìsmáílà.


Ọjà Tuntun, Ìlọrin.
22 Oṣù Kejì, 1995.

Ìsmáílà, ọmọ ìyá mi,

Bí ọwọ́ ìkọ̀wé mi bá rí wúruwùru, mú un mọ́ra. Mo ń kánjú ni.

Sátidé ni lẹ́tà rẹ dé. Àlàádì ni mo gba oko lọ, mo sì ń bú ara mi lọ́nà pé mi ò ti lọ tẹ́lẹ̀. Mo bá Baba níbi tí wọ́n ti ń já ewé fún ewúrẹ́. Mo kà á fún wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi ọ̀rọ̀ pákò.

Wọ́n ní, "Ta ló ní kó máa gba ààwẹ̀ pẹ̀lú irú ẹnu yẹn?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, Baba."

"Èmi? Èmi tí mo ń kọ́ gbogbo ayé pé aláìsàn kì í gbààwẹ̀? Mo ní kó má fi sílẹ̀ láìnídìí ni."

"Baba, 'láìnídìí' kò sí nínú ohun tí ẹ ní kí n kọ."

"Ó yẹ kó mọ̀!"

"Ẹ ní kó má kọ àwáwí."

Ewé ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Ewúrẹ́ ń fà á, wọn ò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ sí i nísinsìnyí pé kó jẹun."

Mo ní, "Baba, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ààwẹ̀ ti tán."

"Ẹnu náà ń kọ́?"

Mo ní mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ ẹ̀wù tí wọ́n fi ń lọ kírun ọdún ní Yídì, wọ́n bá mi wá sí Ìlọrin. O fún wa ní nọ́ńbà tẹlifóònù ilé yín, o ní ká pè ọ́ kìkì bí ẹnì kan bá kú. Baba ní ká pè é. Ní Àtàlátà, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù Danjuma tó ń ta ìpè ní Táíwò Road. A jókòó títí, kò wọlé. Nígbà tó wọlé, Baba ló wà nítòsí, wọ́n já tẹlifóònù gbà lọ́wọ́ Danjuma, wọ́n dì í mú bí ẹni di adìẹ tó fẹ́ fò.

"Ìsmáílà! Ìsmáílà! Jẹun! Lo oògùn! Èmi Àbdùlkàdírì ni mo sọ bẹ́ẹ̀! Ọrùn mi ni kó wà!"

Mo ń gbọ́ ohùn obìnrin níbẹ̀. Mo ní, "Baba, òyìnbó ni. Ẹ gbé e fún mi."

Wọ́n ní, "Fi mí sílẹ̀. Èèyàn wà níbẹ̀, ó ń gbọ́. Jẹun! Ìsmáílà!"

Ọkùnrin kan tó ń dúró de ìpè tirẹ̀ ní, "Àáfà, bí ẹ bá tún pariwo díẹ̀ sí i, ẹ ò nílò wáyà mọ́." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Kí n tó gba nǹkan náà lọ́wọ́ wọn, ó ti já.

A tún padà lọ lónìí. Ó wọlé kíákíá. Èmi ni mo mú un lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n gbé e lọ́hùn-ún, Baba ké sí ọ láti ẹ̀yìn mi, ará ọ̀hún sì gbé e sílẹ̀. Danjuma pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe wáyà. Ẹni tó wà lọ́hùn-ún ni kò fẹ́." Baba ní kí ló dé tí wọn ò fẹ́.

Nítorí náà, lẹ́tà náà ló kù. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ nìyí: "Ìsmáílà, jẹun. Lo oògùn nígbàkigbà tí dókítà bá sọ. Aláìsàn ni ọ́, èmi ni mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀." Kéwú tí o rí nísàlẹ̀ yìí, ọwọ́ Baba fúnra wọn ni, kí o má baà sọ pé èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀.

Màsúdát.


Leeds.
25 Oṣù Kejì, 1995.

Àǹtí Màsúdát,

Lẹ́tà yín ti ọjọ́ karùn-ún dé lánàá. Ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí Dókítà Ṣìkẹ́mi. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ti dé. Ẹnu mi ń tọ́ nǹkan kíkorò wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti gòkè dé abẹ́ ojú. Ara mi ń gbóná, wọ́n sì ti dá mi padà sílé níbi iṣẹ́, wọ́n ní mò ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn.

Ẹ ní kí n lo oògùn lọ́sàn-án. Ẹ má bínú, òótọ́ ni màá sọ. Ẹ̀yin kọ́ ni Baba. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n má kí yín kú ọdún. Mo ń dúró de èsì wọn. Mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ibi tí wọ́n ń ju lẹ́tà sí kí oníwèé-ìfìránṣẹ́ tó dé, màá tún lọ wò ó lẹ́yìn tó bá lọ. Bóyá Baba ṣì ń bínú ni. Bóyá dídákẹ́ wọn ni èsì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n tú okùn ẹnu mi, dókítà wò ó, kò dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní, "Ṣé o ń lo oògùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí mo ń lò ó. Kò bi mí pé ìgbà wo. Ó fún mi ní òmíràn tó lágbára jùyẹn lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń lò ó. Ọjọ́ keje oṣù tó ń bọ̀ ni mo tún máa rí i. Ààwẹ̀ máa ti tán nígbà yẹn, èmi náà á wá ráyè ṣàìsàn.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò ṣeé rín. Ìyá onílé wa, arúgbó òyìnbó kan tó máa ń pè mí ní Sam, ní ọkùnrin kan pè ní Àtàlátà, ó ń jágbe ní èdè tí òun kò gbọ́, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ẹ̀rù bà á. Mo ní yóò jẹ́ ará àwọn tó ti gbé níbẹ̀ rí, nítorí bó bá jẹ́ ilé wa, ẹ̀yin ni ẹ ò bá sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́ òyìnbó. Mo ní bó bá tún pè, kó gbé e sílẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ kejì ó tún pè lóòótọ́, òun sì gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ bá mi bẹ Baba kí wọ́n fọhùn.

Ìsmáílà.


Leeds.
15 Oṣù Kẹta, 1995.

Àǹtí mi,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Mo kírun ọdún pẹ̀lú àwọn ará Pakísítáánì, mi ò sì rí ohunkóhun jẹ níbẹ̀, wọ́n kó ẹran kalẹ̀, mo ń wò ó.

Wọ́n ti yọ irin náà. Méjèèjì. Mo rò pé wọ́n máa tún fi ẹ̀rọ lù mí ni. Kò tó bẹ́ẹ̀. Dókítà mú èkínní, ó yí i díẹ̀, ó sì tẹ̀lé e wá bí iṣu tó ti rà nínú ebè. Èkejì kò tilẹ̀ dúró kí wọ́n yí òun. Wọ́n fọ ọyún ibẹ̀ jáde. Ó ní egungun ti jẹrà níbẹ̀, ó di kó tún hù kí ẹnikẹ́ni tó lè ronú àtifi irin mìíràn sí i, kò sì dá a lójú pé á hù tó. Iléeṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn ṣèlérí.

Ìgbà yẹn ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ fún un. Ó jókòó. Ó ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Oògùn wà tó jẹ́ pé àárọ̀ àti alẹ́ nìkan ni wọ́n ń lò ó. Mi ò bá ti fún ọ ní ìyẹn. Tàbí kí èmi fúnra mi kọ̀wé sí iléeṣẹ́ yín pé kí wọ́n fún wa ní oṣù kan sí i." Mo wo ẹnu rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè bá òyìnbó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó yé e. Mo rò pé ó máa ní kí n fi ẹ̀sìn sílẹ̀ ni.

Mo délé lónìí, mo bá lẹ́tà Baba nílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo kà á lórí ìdúró. Mo rí kéwú wọn. Mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá onílé, mo ní kó ṣe ohùn ọkùnrin tó pè yẹn fún mi bó bá rántí. Ó rò pé mo ń ṣeré. Ó gbìyànjú díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Baba ni, àǹtí. Kò pè é dáadáa, ṣùgbọ́n mo gbọ́ "jẹun" níbẹ̀. Orúkọ mi tún wà níbẹ̀, òun tó ń pè mí ní Sam kò mọ̀ pé orúkọ ni.

Mi ò ní kọ púpọ̀. Ẹ sọ fún Baba pé mo kí wọn kú ọdún. Mi ò fi ọjọ́ kan sílẹ̀ nínú ààwẹ̀ náà. Ẹ bá mi bi wọ́n bóyá inú wọn dùn. Mi ò fi àrífín bi í. Mo fẹ́ mọ̀ ni.

Ìsmáílà.


Ọjà Tuntun, Ìlọrin.
4 Oṣù Kẹrin, 1995.

Ìsmáílà,

Báwo ni ẹnu? Ṣé o ń sùn? Ìyá wa ní kí n béèrè bóyá o ń jẹ nǹkan. Mo ní o ń jẹ. Jọ̀wọ́, jẹ nǹkan, kí n má baà di òpùrọ́.

Mo gbé lẹ́tà rẹ lọ sí oko. Kí n tó débẹ̀, ẹnì kan nínú ọkọ̀ sọ ohun tí Baba ṣe ní Jímọ̀ fún mi. Wọ́n bọ́ sórí àga wáàsí, wọ́n ń sọ pé Ọlọ́run kò gba ìnira lọ́wọ́ aláìsàn, pé aláìsàn tó bá fi ààwẹ̀ sílẹ̀ kò dẹ́ṣẹ̀, ẹni tó bá fi bú u ló dẹ́ṣẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ títí ọ̀fun wọn fi há. Àwọn èèyàn ń wojú ara wọn, nítorí ààwẹ̀ ti tán láti oṣù tó kọjá, kò sì sí ẹni tó béèrè.

Mo bá wọn lórí ẹní lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo kà á fún wọn. Wọn ò dá mi dúró. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní, "Tún ibẹ̀ kà."

Mo ní, "Ibo, Baba?"

"Ibi tó ti ní kí o bi mí."

Mo kà á. Wọ́n ní, "Iwájú ni eyín náà?"

"Iwájú ni, Baba."

"Òkè?"

"Òkè."

Wọ́n fi àtàǹpàkò kan eyín iwájú tiwọn, wọ́n mì í wò, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè jáde. Eyín Baba le bí òkúta, ìwọ náà mọ̀. Ọwọ́ wọn bọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Kọ ọ́ sí i pé ààwẹ̀ ọdún tó ń bọ̀, kó má gbà á."

Mo ní, "Baba, ẹnu rẹ̀ á ti jinná nígbà yẹn."

"Mo ní kó má gbà á."

"Ẹni tí ara rẹ̀ le ń kọ́, Baba? Ṣé ẹ̀yin náà lẹ máa sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Kọ ọ́, Màsúdát."

Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà. Wọ́n mọ̀ ọ́ jù mí lọ pé kò tọ̀nà. Mo kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Màsúdát.